Abéèrè Ọ̀nà Kì í Ṣìnà: Kí Ni À Ń Pàtẹ́wọ́ Fún Lára Àwọn Ọmọ Wa?

Oṣù Keje ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń parí ọdún ẹ̀kọ́ wọn. Ìgbà náà ni àwọn ọmọ máa ń mú ìwé èsì ìdánwò wálé. Ìgbà náà náà sì ni a máa ń pe àwọn òbí jọ kí wọ́n wá wo bí a ti ń pín ẹ̀bùn. Kí ọjọ́ náà tó dé, a fẹ́ kí a jọ fi ọ̀rọ̀ kan ro ara wa wò: irú nǹkan wo gan-an ni à ń pàtẹ́wọ́ fún lára àwọn ọmọ wa? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí pé ohun tí àgbà bá pàtẹ́wọ́ fún ni ọmọdé yóò máa lé kiri.

IPÒ KÌÍNÍ NÌKAN KỌ́ NI Ẹ̀KỌ́

Bí ọmọ bá ti gbé ìwé èsì wọlé, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ òbí ni pé, "Ipò kelòó ni o mú?" Bí ó bá jẹ́ ipò kìíní, wọ́n á pa adìẹ, wọ́n á pe aládùúgbò. Bí ó bá jẹ́ ipò kejìlélógún, ojú á le koko, wọ́n á sì bi ọmọ náà pé, "Ṣé orí méjì ni ẹni tí ó mú ipò kìíní ní ni?"

A kò sọ pé ipò kìíní kò dára. Ẹni tí ó bá ṣe dáadáa yẹ ní yíyìn, nítorí pé yinni-yinni ni í jẹ́ kí ẹni ṣe òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Nínú kíláàsì tí ó ní 40 ọmọ, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò mú ipò kìíní. Àwọn 39 tí ó kù ńkọ́? Ọmọ tí ó wà ní ipò kẹtàlélọ́gbọ̀n ní ọdún tó kọjá, tí ó sì ti gòkè dé ipò kejìdínlógún ní ọdún yìí, ìrìn tí ó rìn gùn ju ti ẹni tí kò kúrò lójú kan lọ. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ tí ó fi páálí àti ìdérí ìgò ṣe ọkọ̀ tí ń yí, ọmọ tí ó ń kọ́ àbúrò rẹ̀ ní ìwé kíkà lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ọmọ tí ó bi olùkọ́ ní ìbéèrè tí gbogbo kíláàsì fi dákẹ́ láti ronú, gbogbo wọn ni yóò padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ohun tí ó burú jù ni pé, nígbà tí ipò bá ti di ohun kan ṣoṣo tí ojú wà lára rẹ̀, àwọn kan yóò wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà dé ibẹ̀. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ nípa àwọn ibi tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn sójú pátákó fún ọmọ nígbà ìdánwò, tí òbí sì ń sanwó sí i. Ọmọ bẹ́ẹ̀ á gba ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí náà dà bí àgbá òfìfo: ariwo rẹ̀ pọ̀, kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

ỌMỌ TÍ Ó Ń BÉÈRÈ

Ọlọ́run kò dá ọmọ kan sáyé láìfi ìfẹ́ láti mọ nǹkan sí i nínú. Ọmọ ọdún mẹ́rin á bi ìyá rẹ̀ pé, "Kí ló dé tí òṣùpá ń tẹ̀lé wa bí a bá ń rìn?" Ti ọdún márùn-ún á bi bàbá rẹ̀ pé, "Níbo ni omi inú ìkòkò ń lọ bí ó bá ń hó?" Ti ọdún mẹ́fà á fẹ́ mọ ìdí tí ọyẹ́ fi ń la ètè. Àwọn ọmọ tiwa tí a bí sí àjò tún ní irú ìbéèrè tiwọn: kí ló dé tí aládùúgbò wa Hausa ń pe oòrùn ní "rana", tí àwa ń pè é ní oòrùn, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni ó wà lójú ọ̀run?

Irú èsì wo ni ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń gbà? Nínú ilé mìíràn, wọ́n á ní, "Ẹnu rẹ ti pọ̀ jù." Nínú òmíràn, wọ́n á ní, "Lọ jókòó síbẹ̀, alátojúbọ̀." Ní ilé-ẹ̀kọ́, olùkọ́ tí ó ní ọmọ púpọ̀ níwájú rẹ̀, tí kò sì ní ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti parí iṣẹ́ ọjọ́ náà, á ní kí ó dákẹ́, kí ó kọ ohun tí ó wà lójú pátákó. Díẹ̀díẹ̀, ọmọ á kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé: pé ẹni tí ó bá dákẹ́ ni ọmọlúàbí. Bí ó bá fi máa pé ọdún mẹ́wàá, kò ní béèrè nǹkan kan mọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé àṣà wa ni pé ọmọdé kì í bi àgbà ní ìbéèrè. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ọmọ tí ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà, ọ̀tọ̀ sì ni ọmọ tí ń fẹ́ mọ̀. Èyí àkọ́kọ́ yẹ ní bíbáwí, èyí kejì yẹ ní títọ́. Àwọn baba wa ni wọ́n sọ pé abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àwọn náà ni wọ́n sì dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ tí kò ní bẹ́ńṣì, tí kò ní pátákó: àlọ́ àpamọ̀. Ní alẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, àgbà á fi ohun kan pamọ́ sínú ọ̀rọ̀, ọmọdé á sì máa wá a kiri: ṣé orógùn ni, ṣé ata ni, ṣé ahọ́n ni? Láti lè já àlọ́, ọmọ ní láti wo ìkòkò dáadáa, kí ó wo igbá, kí ó wo bí ata ṣe ń pọ́n, kí ó fi nǹkan wé nǹkan. Bí ó bá gbà á, gbogbo àgbàlá á hó. Ẹ̀yin ará, kí ni a tún ń pè ní ẹ̀kọ́ ju ìyẹn lọ?

OHUN TÍ A RÍ KỌ́ NÍ IFẸ̀

Wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀ náà ni a ti fi ọ̀rọ̀ yìí dánwò, tí àbájáde rẹ̀ sì hàn sí gbogbo ayé.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, pẹ̀lú owó ìrànlọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà. Wọ́n pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì. Apá kan kọ́ ohun gbogbo ní èdè Yorùbá fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: ìṣirò, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ nípa àwùjọ àti àṣà, àti Yorùbá fúnra rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ẹ̀kọ́ wọn, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, tí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa ń kọ́ wọn. Apá kejì kẹ́kọ̀ọ́ bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀: Yorùbá ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún mẹ́ta tí ó kù. Nígbà tí ó yá, wọ́n mú iṣẹ́ náà dé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Ọdún 1978 ni wọ́n parí rẹ̀, wọ́n sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1989.

Kí ni wọ́n rí? Àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ nínú ìdánwò. Kì í ṣe nínú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì nìkan, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá! Ẹ̀rù tí ó ba ọ̀pọ̀ òbí nígbà náà ni pé ọmọ tí a bá fi Yorùbá kọ́ kò ní gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdánwò náà fi hàn pé ẹ̀rù yìí kò ní ìdí.

Kí ló fà á? Kò ṣòro láti mọ̀. Ẹ padà sórí omi inú ìkòkò tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ọmọ bá bi olùkọ́ ní Yorùbá pé níbo ni omi ń lọ, tí olùkọ́ sì sọ pé ó ń di oru, ọmọ náà ti mọ oru láti kékeré. Ó ti rí i lórí ìkòkò ìyá rẹ̀, ó ti rí omi tí ń kán lára ìdérí. Yóò wá béèrè èkejì: "Ṣé ìkùukùu náà jẹ́ oru?" Yóò béèrè ẹ̀kẹta: "Ṣé ìyẹn ni ó ń di òjò?" Ọ̀nà ti là fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gígùn kan ni a kọ́ ọ, tí a ní kí ó há a sórí, yóò há a sórí lóòótọ́, yóò kọ ọ́ nínú ìdánwò, yóò sì gba máàkì. Kò ní béèrè èkejì, nítorí pé kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi béèrè. Èdè tí a kò gbọ́ dáadáa kò ṣeé fi ṣe ìwádìí.

IṢẸ́ TÍ Ó WÀ LỌ́RÙN ÀWA ARÁ ÀJÒ

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí ó ti kan àwọn ará ilé lọ. Láti ọdún 1977 tí Ìjọba Àpapọ̀ ti kọ́kọ́ gbé ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí jáde, ó ti wà nínú rẹ̀ pé kí a máa fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba tún fọwọ́ sí ìlànà tuntun pé kí a fi irú èdè bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ jálẹ̀ ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun ti fagi lé ìlànà ti 2022 yìí, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ ọmọ láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì.

Kí ẹnikẹ́ni tó sunkún tàbí kí ó yọ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ipò tiwa. Èwo ni èdè àdúgbò ní Kánò, ní Kàdúná, ní Sòkótó? Hausa ni. Bí ìlànà ti 2022 bá dúró, tí a sì tẹ̀ lé e dé ojú àmì, Hausa ni wọn ì bá fi kọ́ ọmọ wa ní ibi tí a wà, kì í ṣe Yorùbá. Bí wọ́n ti fagi lé e yìí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi kọ́ ọ. Èyí ni pé yálà ìlànà wà tàbí kò sí, kò sí ìjọba kan tí yóò bá ará àjò kọ́ ọmọ rẹ̀ ní Yorùbá. Ọwọ́ wa ni ó wà, nínú ilé wa, nínú ẹgbẹ́ wa, nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí wa.

Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn tí ó ṣáájú wa. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, èyí tí Olóyè S. O. Awókọ̀yà, mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, ti gbé ètò rẹ̀ kalẹ̀. Iye ọmọ tí ó wà nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní ọdún 1954 dé ohun tí ó lé ní 811,000 ní ọdún 1955. Ṣùgbọ́n oore náà kò ré kọjá odò Ọya. Yorùbá tí ó wà ní Sábó Kánò tàbí ní Jọ́ọ̀sì ní ọdún náà, owó ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi rán ọmọ rẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́. Ọdún 1976 ni Ìjọba Àpapọ̀ tó mú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ dé gbogbo orílẹ̀-èdè. Fún ọdún 21 tí ó wà láàárín, àwọn bàbá àti ìyá wa ń ta ọjà, wọ́n ń rán aṣọ, wọ́n ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, wọ́n sì ń san owó ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí ọmọ bá dé láti ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n á tún jókòó tì í pẹ̀lú ìwé Aláwìíyé ti Olóyè J. F. Ọdúnjọ. Wọn kò dúró de ìjọba.

KÒKÒRÒ INÚ YANRÌN

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun èlò olówó ńlá ni a fi ń tọ́ ìfẹ́ ìmọ̀ nínú ọmọ. Ní ìlú Kánò níhìn-ín, ní ọdún 1965, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti àwọn olùkọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà àti Amẹ́ríkà ṣe ìpàdé kan. Inú ìpàdé náà ni ètò ìkọ́ni ní sáyẹ́ǹsì fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ti jáde. Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, Gánà wà níbẹ̀, Kẹ́ńyà, Sàró, Tanzania àti Uganda náà wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ẹnu kò sí ni pé kí ọmọ má ṣe máa ka sáyẹ́ǹsì nínú ìwé nìkan, kí ó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án, pẹ̀lú ohun tí ó wà ní àyíká rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ìwé kéékèèké tí wọ́n ṣe fún àwọn olùkọ́ dá lórí kòkòrò kan tí àwọn ọmọ Òkè Ọya mọ̀ dáadáa: èyí tí í gbẹ́ kòtò ribiti sínú yanrìn gbígbẹ lẹ́bàá ògiri, tí ó sì ń fi ẹ̀yìn rìn. Bí èèrà bá kó sínú kòtò náà, yanrìn á máa yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kòkòrò náà á sì máa da yanrìn lù ú láti ìsàlẹ̀, títí èèrà yóò fi já bọ́ sí i lẹ́nu. Ìwé náà kò ní kí olùkọ́ dúró níwájú kí ó máa ka ìṣe kòkòrò náà fún ọmọ. Ó ní kí ọmọ lọ béèrè lọ́wọ́ kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Kí ló máa ń jẹ? Ṣé yanrìn tútù wù ú tàbí èyí gbígbẹ? Kí ni yóò ṣe bí a bá gbé e síbòmíràn? Ọmọ náà ni yóò wá ọ̀nà tí yóò fi mọ̀.

Obìnrin onímọ̀ kan, Eleanor Duckworth, ni ó lọ yẹ iṣẹ́ yìí wò ní Kẹ́ńyà. Dípò kí ó fún àwọn ọmọ ní ìdánwò orí ìwé, ó kó oríṣiríṣi nǹkan sínú yàrá, ó ní kí wọ́n fi ṣe ohun tí ó bá wù wọ́n, ó sì ń kíyè sí wọn. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́nà tuntun yìí rí ohun púpọ̀ ṣe, iṣẹ́ wọn sì jinlẹ̀ ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Ohun tí ó kọ́ wa ni pé ọmọ tí a bá ti fún ní àyè láti wádìí nǹkan kan kì í dúró lórí nǹkan kan náà. Ó ti di olùwádìí.

ÌBÉÈRÈ ÌYÁ KAN NÍ ÀJÒ

Ẹ jẹ́ kí a tún fi àpẹẹrẹ kan kún un, nítorí pé ará àjò bíi tiwa ni àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ọdún 1898 ni a bí Isidor Rabi sínú ìdílé Júù tí kò ní lọ́wọ́, ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí wọ́n gbé e dé New York. Èdè tí wọ́n gbé ti ilé wá, Yídíìṣì, ni wọ́n ń sọ nínú ilé. Nígbà tí ó dàgbà, ó di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ńlá, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1944. Wọ́n bi í bí ó ti ṣe di onímọ̀. Ó ní ìyá òun ni ó sọ òun di onímọ̀ láìmọ̀. Àwọn ìyá yòókù ní àdúgbò wọn máa ń bi ọmọ wọn lójoojúmọ́ ohun tí ó kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ìyá tirẹ̀ a máa bi í bóyá ó béèrè ìbéèrè tí ó dára lọ́jọ́ náà.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ìyá náà kì í ṣe olùkọ́. Kò ná kọ́bọ̀ sí ìbéèrè yẹn. Ìyá tí ń ta ata ní ọjà Sábó lè bi ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ òní: "Ọmọ mi, kí ni o béèrè lọ́wọ́ tíṣà lónìí?" Bàbá tí ń tún mọ́tò ṣe lè bi í bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá ń fọ ọwọ́ láti jẹun.

Ọ̀pọ̀ òbí ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá béèrè ohun tí àwọn kò mọ̀, ojú yóò ti àwọn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ dá a lóhùn pé, "Èmi náà kò mọ̀ ọ́n, ọmọ mi. Jẹ́ kí a jọ wádìí rẹ̀." Lẹ́yìn náà, ẹ jọ wádìí rẹ̀ lóòótọ́, ìbáà jẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́, lọ́wọ́ aládùúgbò, nínú ìwé, tàbí lórí fóònù tí ó wà lápò yín. Ọmọ tí ó bá rí i pé àgbà náà ń wádìí yóò mọ̀ pé ìmọ̀ kì í tán. Ẹ sì dá a lóhùn ní Yorùbá. Hausa tí ó ń sọ ní ìta kì í ṣe ọ̀tá, dúkìá ni. Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ọ̀tá, irinṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò bá ní èdè kan tí ó jinlẹ̀ nínú rẹ̀, tí ó kàn ń ṣa èyí díẹ̀, tí ó ń ṣa tọ̀hún díẹ̀, ibo ni yóò dúró sí láti ronú?

Ẹ̀BÙN TÍ Ó YẸ KÍ Á MÁA PÍN

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a padà sórí àtẹ́wọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀. Àṣà kan ti gbilẹ̀ láàárín àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Wọ́n á wọ aṣọ agbádá dúdú àti fìlà onígun mẹ́rin fún ọmọ ọdún márùn-ún, wọ́n á ní ó ti gboyè, òbí á sanwó aṣọ, á sanwó fọ́tò, á sanwó oúnjẹ. Òmíràn nínú wọn á yá owó ṣe é. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ mélòó kan ti fòfin dè é. Àwa kò lòdì sí ayẹyẹ, ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ṣe ohun rere yẹ kí ó yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ayẹyẹ náà wà fún ohun tí ọmọ ṣe, kì í ṣe fún aṣọ tí òbí rà.

Nítorí náà, a ń dá a lábàá fún gbogbo ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa pé, nígbà tí a bá tún ń pín ẹ̀bùn fún àwọn ọmọ, kí a má ṣe dúró lórí ipò kìíní, èkejì àti ẹ̀kẹta nìkan. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀bùn wà fún ọmọ tí ó tẹ̀ síwájú jù láti ọdún tó kọjá. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀bùn wà fún ọmọ tí olùkọ́ rẹ̀ jẹ́rìí sí pé ó máa ń béèrè ìbéèrè tí ó lọ́gbọ́n nínú. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀bùn wà fún ọmọ tí ó ran ọmọ mìíràn lọ́wọ́, àti fún ẹni tí ó lè ka Yorùbá ketekete, tí ó lè pa àlọ́ níwájú àwọn àgbà. Ẹ jẹ́ kí a tẹ́ tábìlì kan sí ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngán, kí àwọn ọmọ kó ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe sórí rẹ̀, kí olúkúlùkù dúró ti tirẹ̀, kí ó sì ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè. Ẹ̀bùn náà kò ní láti jẹ́ ohun ńlá. Ìwé kan, pẹ́ńsù kan, orúkọ tí a pè sókè àti àtẹ́wọ́ àwọn àgbà tó.

Ẹ má sì ṣe gbàgbé àwọn olùkọ́. Olùkọ́ tí ó ń fún ọmọ láyè láti béèrè nínú kíláàsì tí ó kún fọ́fọ́, iṣẹ́ takuntakun ni ó ń ṣe. Ẹ pe irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ sí ibi àpèjọ wa, ìbáà jẹ́ Yorùbá, ìbáà jẹ́ Hausa, ìbáà jẹ́ ẹ̀yà mìíràn. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó sí iwájú, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú àwọn ọmọ.

Ní tiwa, ojú ewé tí a ti ń kéde ìkómọ, ìgbéyàwó, ìṣílé àti ìsìnkú yìí, a fẹ́ ya igun kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún ìbéèrè àwọn ọmọ. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá béèrè ohun tí ó dá yín dúró, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́ gan-an, ní Yorùbá, kí ẹ fún akọ̀wé ẹ̀ka yín. A ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú orúkọ àkọ́kọ́ rẹ̀ àti ọjọ́ orí rẹ̀, a ó sì wá ẹni tí yóò dáhùn láàárín àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn olùkọ́, àwọn mẹkáníìkì àti àwọn àgbẹ̀ tí ó wà nínú ẹgbẹ́ wa. Ọmọ tí ó bá rí orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé nítorí pé ó béèrè nǹkan kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa ẹnu rẹ̀ dé mọ́.

Àwọn tí ó ṣáájú wa dé Òkè Ọya pẹ̀lú ẹrù lórí àti ọmọ lẹ́yìn, wọn kò sì jẹ́ kí ìmọ̀ bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kọ́, tí a sì kọ́ láti máa béèrè, ibikíbi tí ó bá dé láyé, kò ní ṣìnà. Kí Ọlọ́run bá wa wò wọ́n, kí ó sì jẹ́ kí a rí ẹ̀rẹ́ jẹ lórí wọn. Àmín.